Ẹ Bi Wá: Máàpù Ilẹ̀ Tí Kò Sí, àti Máàpù Ayé Àtijọ́

Èkìtì kete, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Látìgbà tí mo ti dá ọmọ kan lóhùn lójú ewé yìí pé kò sóhun tó burú nínú kéèyàn ya máàpù ìlú tó wà nínú ìtàn tó ń kọ, lẹ́tà ò dáwọ́ dúró mọ́. Àwọn kan fi ránṣẹ́ lórí fóònù, àwọn kan kọ ọ́ sínú fúlúsíkáàpù, ẹnì kan tiẹ̀ ya tiẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ká a bí ẹni, ó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nígboro. Mo ka gbogbo ẹ̀ tán. Mo mú mẹ́fà nínú ẹ̀, ibi tọ́rọ̀ bá ti pọ̀ n ó dúró síbẹ̀ dáadáa, ibi tí ò bá ti pọ̀ n ó tètè kọjá.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, tó bá ti ti ilé ìwé dé báyìí kò níṣẹ́ méjì ju kó máa ya òkè àti odò àti erékùṣù ìlú kan tó ní òun lòun dá a sílẹ̀. Ó ti fi ya nóòtù máàtì ẹ̀ tán. Bàbá ẹ̀ ní ìfàkókòṣòfò ni. Ṣé kí n gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni? — Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Adó-Èkìtì

Màmá, ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Nóòtù máàtì nìkan ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ wá ra ìwé tí ò nílà fún un kó ní ibi tó máa ya tiẹ̀ sí. Ẹ bá mi sọ fún bàbá ẹ̀ pé iṣẹ́ tí ọmọ yẹn ń ṣe, àwọn àgbà ti ṣe é rí.

Ẹ wo ẹ̀yìn káàdì ìgbéyàwó tó bá wà nílé, ẹ máa rí àwòrán ọ̀nà tí wọ́n máa ń yà síbẹ̀ kí àlejò má bàa ṣìnà: ìlà méjì tó jẹ́ títì, ilé epo níbí, ṣọ́ọ̀ṣì lọ́hùn-ún, ọfà kan tó kọjú sí họ́ọ̀lù. Títì ọ̀hún nà tọ́ọ́rọ́ nínú káàdì, bẹ́ẹ̀ lójú ayé kọ̀rọ̀ ló kún ibẹ̀, họ́ọ̀lù wá tóbi ju odidi àdúgbò lọ, síbẹ̀ gbogbo wa la máa ń débi ìnáwó. Ẹni tó yà á ti yọ ohun tí àlejò ò nílò kúrò, èyí tó máa bá pàdé lọ́nà ló fi sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mọ́ǹkì kan, ìyẹn ọkùnrin tó fi ayé sílẹ̀ láti máa gbé inú ilé ẹ̀sìn, tó ń jẹ́ Matthew Paris ní ìlú òyìnbó ṣe ya ọ̀nà tó ti London lọ sí Ítálì títí kan ilẹ̀ Jerúsálẹ́mù, ní nǹkan bí 1250. Ó to àwọn ìlú léra wọn láti ìsàlẹ̀ ewé lọ sókè, ìrìn ọjọ́ kan ló wà láàárín ìlú kan sí èkejì, ó sì ya ògiri àti ṣọ́ọ̀ṣì ìlú kọ̀ọ̀kan bó ṣe gbọ́ ọ. Matthew yìí ò dé Jerúsálẹ́mù rí láyé ẹ̀. Ìjókòó ló jókòó sínú ilé àwọn mọ́ǹkì tó ń rìn lórí ewé.

Ọmọ yín náà ń rìn ni. Ẹ bi í lálẹ́ òní pé kí ló wà lẹ́yìn òkè tó yà yẹn, ẹ máa gbọ́ ìtàn tí ẹ ò ní fẹ́ kó tán.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Mo ń kọ ìtàn kan lórí ìjọba mẹ́ta tó ń jà nítorí odò kan ṣoṣo. Mo fẹ́ ya máàpù ẹ̀, mo sì fẹ́ kí ilà-oòrùn wà lókè torí ibẹ̀ ni òrìṣà wọn ti wá. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka jiógíráfì ní tí àríwá ò bá ti sí lókè, kì í ṣe máàpù. Ta la fẹ́ gbà gbọ́? — Òǹkọ̀wé kékeré, Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì

Ọ̀rẹ́ ẹ ò purọ́ tó bá jẹ́ ti ìdánwò ló ń sọ. Ṣùgbọ́n àríwá tá a ń gbé sókè yìí, àdéhùn lásán ni, ayé ò lórí bẹ́ẹ̀ ni kò nídìí, àwọn èèyàn ló yan èyí tí wọ́n fẹ́ kó wà lókè.

Ọ̀gbẹ́ni kan wà, al-Idrisi, onímọ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n bí sí Ceuta létí òkun lápá àríwá Áfíríkà. Ọba Roger Kejì ti Sicily, erékùṣù tó wà lára Ítálì lónìí, Kìrìsìtẹ́nì, ló gbé iṣẹ́ fún un pé kó ya gbogbo ayé fóun. Bí wọ́n ṣe ṣe é ló dùn mọ́ mi jù: oníṣòwò àti arìnrìnàjò tó bá ti wọ̀lú, wọ́n á pè é wá, wọ́n á bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀, wọ́n á wá pe ẹlòmíì tó ti débẹ̀ rí, wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ọ̀kan wé ti èkejì, èyí tí ẹnu wọn bá kò lé lórí ni wọ́n ń kọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n bá ta kora lé lórí wọ́n á yọ ọ́ dànù. Ọdún bíi 15 ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀ kí iṣẹ́ náà tó parí ní 1154, wọ́n tún fín in sára àwo fàdákà ńlá kan fún ọba. Gúúsù ló wà lókè nínú ẹ̀. Tó o bá gbé e síwájú ọ̀rẹ́ ẹ báyìí, á ní o dojú ẹ̀ bolẹ̀.

Wá wo òmíì tó wà nínú kàtídírà Hereford nílùú òyìnbó títí dòní, nǹkan bí 1300 ni wọ́n yà á, awọ ọmọ màlúù kan ṣoṣo ni wọ́n yà á sí, ó ga ju mítà kan ààbọ̀ lọ. Ilà-oòrùn ló wà lókè níbẹ̀ bí ìwọ náà ṣe fẹ́ ṣe é, torí pé apá ibẹ̀ ni Bíbélì ní Ọgbà Édẹ́nì wà, Jerúsálẹ́mù wá wà láàárín gbùngbùn bí ìdodo. Òrìṣà tìẹ náà ti ilà-oòrùn wá, kí ló wá kù?

Àwa náà ńkọ́? Àwa tá à ń ki Ifẹ̀ pé ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, tá a gbà pé ibẹ̀ ni wọ́n da yẹ̀pẹ̀ sórí omi tí adìyẹ fi tàn án tó di ilẹ̀, ká ní ẹnì kan nínú àwọn bàbá ńlá wa ya ayé sórí awọ, Ifẹ̀ ló máa wà níbi tí Jerúsálẹ́mù wà yẹn, á wá to àwọn ọba aládé Èkìtì mẹ́rìndínlógún sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lápá ibi tí oòrùn ti ń là. Sicily àti ìlú òyìnbó á bọ́ sétí, ibi tí inki fẹ́ tán sí. Ibi tí ẹni tó ń ya máàpù bá dúró sí, ibẹ̀ ni àárín ayé.

Torí ẹ̀, kó o tó mú pẹ́ńsùlù, kọ́kọ́ mọ ọba tó ní kí wọ́n ya máàpù yẹn nínú ìtàn ẹ. Àwọn tó wà lórísun odò, òkè tí omi ti ń sun ni wọ́n máa gbé sókè ewé torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ odò. Àwọn tó wà lẹ́nu òkun, etíkun ni wọ́n máa mọ̀ láti kọ̀rọ̀ dé kọ̀rọ̀, òkè lọ́hùn-ún á kàn rí kàǹkà láìlórúkọ. Àwọn tó wà láàárín á ya ìlú tiwọn tóbi ju ti àwọn méjì yòókù lọ. Tó bá ṣe mí bí mo ṣe fẹ́, máàpù mẹ́ta ni wàá yà, kó o wá jẹ́ kí ẹni tó ń kà á rí i fúnra ẹ̀ pé odò kan náà ni gbogbo wọn ń wí.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà tàbí sà. Mo wà ní SS2. Mo rí i nínú fídíò kan pé láyé àtijọ́ wọ́n gbà pé ayé tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, pé wọ́n máa ń kọ “dírágónì wà níbí” sétí máàpù kí ọkọ̀ má bàa já sísàlẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ìjerò-Èkìtì

Rárá o, ọmọ mi. Àwọn tó mọ̀wé lákòókò yẹn mọ̀ pé ayé rí róbótó, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ní nǹkan bí 240 ṣáájú ìbí Jésù, Eratosthenes, onímọ̀ Gíríìkì tó ń gbé ní Alexandria ní Íjíbítì, gbọ́ pé nílùú Syene, tó ń jẹ́ Aswan lónìí, ọjọ́ kan wà lọ́dún tí oòrùn máa ń dúró gangan lórí èèyàn lọ́sàn-án, tí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á wọ inú kànga dé ìsàlẹ̀, tí òpó ò ní ní òjìji. Bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan náà ní Alexandria, òpó ní òjìji. Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni, tí oòrùn sì jìnnà, òjìji ì bá má yàtọ̀. Ó wọn òjìji yẹn, ó rí i pé igun ẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú 50 òbìrìkìtì, ó wá mú bí ìlú méjèèjì ṣe jìnnà síra, ó sọ ọ́ di ìlọ́po 50, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ bí ayé ṣe fẹ̀ tó yí ká, iye tó sì rí ò jìnnà sóòótọ́. Òjìji àti ìṣirò nìkan ló lò o.

Nǹkan bí 1000 ọdún sẹ́yìn, al-Biruni, onímọ̀ Mùsùlùmí, tún gba ọ̀nà míì yọ sí i. Ó gun òkè kan níbi tó jẹ́ Pakistan báyìí, ó ti wọn gíga òkè náà, ó wá wọn bí ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé ṣe rẹlẹ̀ sí lójú ẹni tó dúró lókè. Ìwọ tó ń gbé láàárín òkè Èkìtì yìí á tètè lóye ẹ̀: bó o bá ṣe ń gòkè sí i ni ibi tójú ẹ máa dé á máa jìnnà sí i, torí pé ilẹ̀ ń tẹ̀ lọ síwájú ni.

Ohun tó ń tan àwọn èèyàn jẹ ni pé òbìrìkìtì ni wọ́n fi ń ya ayé nígbà yẹn. Èyí tó wọ́pọ̀ jù, tí wọ́n rí nínú ìwé Isidore, bíṣọ́ọ̀bù Seville tó kú ní 636, lẹ́tà O ni pẹ̀lú lẹ́tà T nínú ẹ̀. Éṣíà gba ìdajì òkè, Yúróòpù àti Áfíríkà pín ìsàlẹ̀, omi ló là wọ́n láàárín, wọ́n sì máa ń kọ orúkọ àwọn ọmọ Nóà mẹ́ta, Ṣẹ́mù, Jáfẹ́tì àti Hámù, sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwòrán ìkọ́ni ni, bí ìgbà tí tíṣà bá ya ọkàn èèyàn sójú pátákó. Kò sẹ́ni tó rò pé ọkàn òun tẹ́ bíi pátákó. Ti Columbus, atukọ̀ tó fẹ́ gba ìwọ̀-oòrùn dé Éṣíà ní 1492 náà, kì í ṣe róbótó àti pẹrẹsẹ ni wọ́n ń bá a jà lé lórí, bí ayé ṣe tóbi tó ni, Columbus gan-an ló sì ṣì í ṣírò, ó rò pé ayé kéré.

Ti dírágónì wàyí. Gbólóhùn yẹn, ní èdè Látìnì, wà lára glóòbù bàbà kékeré kan tí wọ́n ṣe ní nǹkan bí 1510, ilé ìkàwé ńlá New York ló wà, ó tún wà lára ọ̀kan tí wọ́n fín sára ẹyin ògòǹgò. Kò wọ́pọ̀ rárá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kiri. Ẹranko abàmì ló wọ́pọ̀, pàápàá nínú òkun. Olaus Magnus, àlùfáà ará Sweden, ya òkun apá ọ̀dọ̀ wọn ní 1539, ejò òkun lọ́ mọ́ ọkọ̀ níbẹ̀, ẹja tó tóbi bí òkè ń tú omi lórí. Àwọn apẹja ló sọ fún un. Irú ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya máàpù ìtàn àròsọ lónìí ti kó ẹranko inú omi wọn.

Ìbéèrè: Tíṣà jiógíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun kan wà tó ti ń dùn mí tipẹ́. Nínú àwọn máàpù àtijọ́, àti nínú ọ̀pọ̀ máàpù ìtàn àròsọ tí àwọn ọmọ ń kà báyìí, apá gúúsù, ilẹ̀ ooru, ni wọ́n máa ń kó abàmì èèyàn àti ẹhànnà sí. Kí ló dé tó fi jẹ́ apá ọ̀dọ̀ wa? — Tíṣà àgbà, Ìkọ̀lé-Èkìtì

Ẹ kú iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́, tíṣà wa. Ó dun èmi náà, òun ló sì jẹ́ kí n gba ìbéèrè yìí tọkàntọkàn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí máàpù Hereford. Téèyàn bá dúró níwájú ẹ̀, Áfíríkà wà lọ́wọ́ ọ̀tún, létí pátápátá. Wọ́n to àwọn èèyàn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àwo orí pẹpẹ, ẹni tí ò lórí tí ojú àti ẹnu ẹ̀ wà láyà, ẹni olójú mẹ́rin, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó yà wọ́n ò rí ọ̀kan nínú wọn. Inú ìwé Pliny ará Róòmù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wá, Pliny sì ti kú láti ọdún 79, òun náà ẹnu ẹlòmíì ló ti gbọ́ tiẹ̀. Ó ju 1200 ọdún lọ tí àwọn ìwé ti ń da ọ̀rọ̀ yẹn kọ látọwọ́ ara wọn, tí ẹnikẹ́ni ò dìde láti lọ wò ó. Nǹkan míì tún wà lára máàpù yẹn tó máa yà yín lẹ́nu: orúkọ Yúróòpù ni wọ́n fi lẹ́tà wúrà kọ sórí Áfíríkà, wọ́n wá kọ Áfíríkà sórí Yúróòpù. Àṣìṣe gidi ni, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n yà ní Majorca, erékùṣù kan ní Sípéènì, ní 1375, iṣẹ́ Abraham Cresques tó jẹ́ Júù, Paris ló wà báyìí. Ní 1324 ni Mansa Musa ọba Mali gba Cairo kọjá lọ sí Mẹ́kà, ó ná wúrà níbẹ̀ débi pé òkìkí ẹ̀ ò ṣeé pa mọ́ mọ́. Ọdún 51 lẹ́yìn náà ni Cresques ya ilẹ̀ wa. Ẹni tó yà síbẹ̀, ọba dúdú ni, ó jókòó lórí ìtẹ́, ó dé adé wúrà, ó mú ọ̀pá àṣẹ dání, ó gbé wúrà róbótó kan sókè bí ẹni fẹ́ fún èèyàn, ẹnì kan sì ń gun ràkúnmí bọ̀ wá bá a. Orí ẹ̀ wà lọ́rùn, ojú ẹ̀ jẹ́ méjì. Gúúsù kan náà, aginjù kan náà, àwọn méjèèjì ò sì fi 100 ọdún jura wọn lọ. Kí ló yà wọ́n? Àwọn ará Majorca ń bá àwọn ará etíkun Áfíríkà tajà, àwọn yẹn ń bá àwọn tó ń la aginjù kọjá tajà. Ibi tí òwò bá dé, èèyàn ni wọ́n ń bá níbẹ̀. Ibi tí òwò ò dé ni wọ́n ń fi abàmì dí.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ìgbà àtijọ́ nìkan ni. Ní 1798, James Rennell, ẹni tó mọ máàpù yà dáadáa, tí ò tẹ ilẹ̀ wa rí, mú ohun tí Mungo Park, òyìnbó arìnrìnàjò tó wá wo Odò Ọya, sọ pé òun rí lókèèrè, ó fi ya òkè gbọọrọ kan la Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà já, ó pè é ní òkè Kong. Kò sí òkè bẹ́ẹ̀ o. Ìlú kan wà lóòótọ́ tó ń jẹ́ Kong, Côte d’Ivoire ló wà lónìí, ṣùgbọ́n òkè tí wọ́n yà yẹn ò sí. Bí ẹnì kan ṣe yà á báyìí ni àwọn yòókù dà á kọ, wọ́n ń fa òkè ọ̀hún gùn sí i, wọ́n fi yìnyín sórí ẹ̀ nígbà míì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 ọdún kí Binger, ọmọ ogun Faransé, tó rin ibẹ̀ láàárín 1887 sí 1889, tó padà wá sọ fún wọn pé òun ò bá òkè kankan. Àwọn tó ń gbé ní Kong ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ látọjọ́ táláyé ti dáyé. Bẹ́ẹ̀ náà ni Odò Ọya, tí wọ́n jà lé lórí ní ìlú òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ibo ló ń wọ̀ sí, títí àwọn Lander méjì, òyìnbó arìnrìnàjò, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, fi wa ọkọ̀ tẹ̀ lé e dé òkun ní 1830. Àwọn apẹja tí ẹja gbígbẹ wọn ń ti ẹnu odò yẹn wá sọ́jà ti mọ ibi tó ń wọ̀ sí tipẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kí ẹ má bàa rò pé ẹ̀bi àwọn òyìnbó nìkan ni mò ń kà. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá àgbà mi fi igi ìdáná ya ọ̀nà oko fún mi sórí iyanrìn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹnu ọ̀nà tiwa ló fi sáàárín. Oko wà lókè, torí apá ibẹ̀ ló ń kọjú sí láràárọ̀. Ó fi ìka tẹ iyanrìn fún igi ìrókò, ó fa odò kékeré kan kọjá, ó ya ahéré ẹ̀, ó wá fọwọ́ gbá ìyókù lẹ́yìn odò lọ, ó ní “ugbó ọ̀rọ̀” nìyẹn, igbó iwin, òun ò débẹ̀ rí, ìyá òun náà ò débẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi bẹ̀rù ẹ̀yìn odò yẹn. Ìgbà tí mo dàgbà tí mo kọjá síbẹ̀, abúlé kékeré kan ni mo bá, ilé bíi mẹ́wàá, èbè iṣu lọ rẹrẹ lẹ́yìnkùlé wọn. Bàbá kan bu omi fún mi mu. Ó bi mí pé apá ibo ni mo ti wá, mo fọwọ́ júwe, ó lanu, ó ní àwọn òbí àwọn máa ń sọ fáwọn pé ọ̀rọ̀ ló ń gbé ibẹ̀, pé káwọn má ṣe kọjá odò.

Tíṣà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá wa sọ fún àwọn ọmọ tó ń ya máàpù nìyẹn. Tí wọ́n bá fẹ́ fi ẹhànnà sétí ilẹ̀, kí wọ́n fi síbẹ̀, ìtàn nílò ẹ̀rù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n mọ ẹni tó ń sọ pé ẹhànnà wà níbẹ̀, kí wọ́n sì mọ ohun tí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ń sọ nípa àwọn náà.

Ìbéèrè: Dẹ́rẹ́bà ni mí, Adó sí Ẹ̀fọ̀n ni mò ń ná. Ọmọ mi ń ka ìtàn kan fún mi lálẹ́, àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀ ń ré òkè mẹ́ta kọjá lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó ní máàpù fi hàn pé ò jìnnà. Ọ̀nà òkè tí mo mọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Báwo làwọn ará àtijọ́ ṣe ń wọn ọ̀nà? — Dẹ́rẹ́bà, Ẹ̀fọ̀n Aláayè

Ẹ kú ewu ọ̀nà, ọ̀gá wa. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ìrìn ọjọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń wọ̀n ọ́n, al-Idrisi gan-an, ọjọ́ mélòó sí ọjọ́ mélòó ló kọ sílẹ̀ káàkiri ìwé ẹ̀. Àwọn bàbá wa náà, ọjọ́ ọjà ni wọ́n fi ń kà á. Ọjọ́ kan lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ọjọ́ kan lórí òkè, kí ẹni tó bá ń ya máàpù ìtàn tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Máàpù kan wà ní Vienna tí inú yín máa dùn sí, ọ̀nà àwọn ará Róòmù ló wà nínú ẹ̀, nǹkan bí 1200 ni wọ́n dà á kọ látinú èyí tó ti pẹ́ jù ú lọ. Gígùn ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 7, fífẹ̀ ẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 34 lọ. Wọ́n tẹ òkun pọ̀ di bí ìgbànú tẹ́ẹ́rẹ́ torí pé mọ́tò ẹsẹ̀ ò rin òkun, ọ̀nà nìkan ni wọ́n wò, wọ́n kọ iye tó wà láàárín ìlú sí ìlú, wọ́n tún ya ilé kékeré síbi tí àlejò ti lè sùn. Ẹni tó yà á mọ ohun tí dẹ́rẹ́bà ń fẹ́.

Ti àwọn ọmọ ogun òkè mẹ́ta yẹn, ẹ sọ ogun Kírìjì fún ọmọ yín. Láàárín 1877 sí 1886 ni Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn dojú kọra láàárín òkè apá Ìmẹ̀sí, wọ́n pàgọ́, wọ́n dáko, wọ́n bímọ síbẹ̀, ìró ìbọn ń dún kírìjì láàárín òkè, apá kan ò lè ré èkejì kọjá. Òkè ti fi ogun ọjọ́ kan ṣe ti ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ tún bá mi wo odò tó wà nínú máàpù ìtàn yẹn. Odò máa ń ti òkè wá sísàlẹ̀ ni, kékeré ń wọ inú ńlá, Ọ̀ṣun ti orí ilẹ̀ Èkìtì níbí, ní Ìgèdè, ṣàn títí ó fi wọ ọ̀sà létí òkun. Tẹ́ ẹ bá rí odò tó pín sí méjì láàárín ilẹ̀ tó sì wọ òkun méjì, ẹni tó yà á ò tíì wo omi dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ dárí jì í, al-Idrisi náà ya odò Náílì pé ó pín lórísun, apá kan lọ sí Íjíbítì, apá kan gba ilẹ̀ àwọn èèyàn dúdú lọ sí ìwọ̀-oòrùn.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè lo ibi gidi ní Èkìtì nínú ilẹ̀ àròsọ mi? Ọ̀rẹ́ mi ní ibi téèyàn lè wọ mọ́tò lọ ò lè jọ ìtàn ìyanu. — Ọ̀dọ́bìnrin, Òmùò-Èkìtì

Ṣé ọ̀rẹ́ ẹ ti dé Ìkọ̀gòsì? Omi gbígbóná ń sun níbì kan, omi tútù ń sun níbì kan nítòsí ẹ̀, wọ́n pàdé, wọ́n jọ ń ṣàn lọ, o lè na ọwọ́ ọ̀tún sínú èyí tó gbóná kó o na tòsì sínú èyí tó tutù. Ká ní ẹni tó ya máàpù Hereford gbọ́ ọ ni, ẹ̀gbẹ́ Ọgbà Édẹ́nì ni ì bá yà á sí.

Lò ó. Yí orúkọ ẹ̀ padà tó o bá fẹ́, ṣùgbọ́n lọ bá àwọn àgbà tó ń gbé ibẹ̀, bi wọ́n ní orúkọ tí àwọn fúnra wọn ń pè é, kó o tó sọ ọ́ ní nǹkan míì. Nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìnàjò, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, ẹnu àwọn Hausa ló ti gbọ́ orúkọ ìlú náà, Katunga ló sì kọ sílẹ̀, Katunga náà ló wà nínú máàpù àwọn òyìnbó fún ọ̀pọ̀ ọdún, bẹ́ẹ̀ Aláàfin wà láàfin ẹ̀ tó ń pe ìlú ẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Fi àwọ̀ méjì ya omi méjèèjì, kó o fi máàpù yẹn ránṣẹ́ sí mi tó o bá parí ẹ̀.